Ẹ Bi Wá: Owó Àsansílẹ̀ Lójú Àwòrán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òbí kan ń san ₦5,000 lóṣooṣù, àwọn mìíràn ń san ₦48,000 fún odidi ọdún, Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá ni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ni gbogbo wọn ń gbà san án. Mo gbọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, díẹ̀. Ojú ewé kan tí n ó máa ṣí láràárọ̀ láti fi rí bí owó ṣe ń wọlé ni mo ń wá. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Àwòrán kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ìlà kóòdù kan ṣoṣo ló ń yà á. Iye tí ẹ óò kó fún un ló gba làákàyè. Ẹ fi ohun èlò mẹ́ta kún Python yín: pip install streamlit pandas requests. Streamlit ló ń gbé ojú ewé jáde, pandas ló ń to iye, requests ló ń lọ kó ìsanwó wá. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ kọ́ React, ohun èlò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé, ná, ẹ dá a lóhùn pé ó dọjọ́ mìíràn. Ojú ewé tí èèyàn kan tàbí méjì ń wò kò béèrè jù báyìí lọ.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí Paystack fún yín, èyí tó fi sk_live_ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nínú kóòdù. Ẹ dá fóldà kan tó ń jẹ́ .streamlit, kí ẹ kọ PAYSTACK = "sk_live_…" sínú fáìlì secrets.toml níbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ fáìlì náà sínú .gitignore kó má baà bá kóòdù yín lọ sí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí sínú app.py:

import requests, pandas as pd, streamlit as st

@st.cache_data(ttl=3600)
def ko_wa(ibo, ipo=None):
    gbogbo, oju = [], 1
    while True:
        r = requests.get(
            "https://api.paystack.co/" + ibo,
            headers={"Authorization": "Bearer " + st.secrets["PAYSTACK"]},
            params={"perPage": 50, "page": oju, "status": ipo})
        r.raise_for_status()
        eyi = r.json()["data"]
        if not eyi:
            return gbogbo
        gbogbo += eyi
        oju += 1

df = pd.DataFrame(ko_wa("transaction", "success"))
df["naira"] = df["amount"] / 100
ojo = pd.to_datetime(df["paid_at"], utc=True).dt.tz_convert("Africa/Lagos")
df["osu"] = ojo.dt.strftime("%Y-%m")
st.bar_chart(df.groupby("osu")["naira"].sum())

Ẹ tẹ streamlit run app.py, bùráúsà yóò sì ṣí sí localhost:8501.

Ẹ má yọ ìlà kankan kúrò nítorí pé ó dà bíi pé kò wúlò. Ojú ewé 50, 50 ni Paystack ń kó ìsanwó ránṣẹ́. Bí ẹ bá yọ while kúrò, 50 tó dé gbẹ̀yìn nìkan lẹ óò rí, àwọn oṣù àtẹ̀yìnwá yóò sì dà bí ìgbà tí ọjà kò tà. Kọ́bọ̀ ni amount, ìdí nìyẹn tí a fi fi 100 pín in. Bí ẹ kò bá béèrè success, àwọn tí káàdì wọn kọ̀ àti àwọn tó ṣí ojú ewé ìsanwó tí wọn ò san nǹkan kan yóò wọ inú àròpọ̀. Aago UTC, aago àgbáyé, ni paid_at, àkókò ìsanwó, ń lò, ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà: ẹni tó sanwó láago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní oṣù Kejì yóò bọ́ sínú oṣù Kìíní bí ẹ kò bá yí i padà.

Ní ti cache_data, gbogbo app.py ni Streamlit máa ń tún ṣe láti òkè délẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan. Láìsí ìlà yẹn, ẹ óò máa kan ilẹ̀kùn Paystack nígbà gbogbo, ojú ewé á sì máa falẹ̀ bí ìgbín. 3600 túmọ̀ sí pé ó di wákàtí kan kó tó lọ kó tuntun wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀kọ́ aṣọ rírán ni mò ń tà. Ogójì èèyàn ń san ₦3,000 lóṣooṣù. Lóṣù Kẹsàn-án, èèyàn 15 san owó ọdún, ₦30,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lójú àwòrán, ọ̀pá oṣù yẹn ga fíofío, ti oṣù Kẹwàá wá kéré tó fi bà mí lẹ́rù. Ṣé àwọn èèyàn ń sá lọ ni? (Aránṣọ, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kò sẹ́ni tó sá, ìyá wa. Owó tó wọ ọwọ́ yín ni àwòrán yẹn ń sọ: ₦570,000 lóṣù Kẹsàn-án, ₦120,000 lóṣù Kẹwàá. Owó ọdún ní láti pín sórí oṣù méjìlá. ₦450,000 tí àwọn 15 yẹn san jẹ́ ₦37,500 lóṣù kan. Ẹ fi kún ₦120,000, ó di ₦157,500. Iye yẹn kan náà ló wà nínú oṣù méjèèjì.

Ọ̀dọ̀ ko_wa("subscription"), tó ń kó àkọsílẹ̀ owó àsansílẹ̀ wá, ni ẹ ti ń rí èyí. Ẹ wo interval, bí wọ́n ṣe ń san án sí, tó wà nínú plan: annually (lọ́dọọdún), ẹ fi 12 pín amount, biannually (oṣù mẹ́fà-mẹ́fà), 6, quarterly (oṣù mẹ́ta-mẹ́ta), 3, monthly (lóṣooṣù), ẹ fi í sílẹ̀. Weekly (lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀) ló máa ń tan èèyàn jẹ: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 52 kí ẹ tó fi 12 pín in. Ẹni tó ń san ₦1,000 lọ́sẹ̀ ń san bíi ₦4,333 lóṣù, kì í ṣe ₦4,000.

Ẹ wo status, ipò tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan wà, náà. Ẹ ka active, àwọn tó ṣì ń san. Ẹ yọ cancelled (tí wọ́n ti fagi lé) àti completed (tó ti parí). Non-renewing ti sanwó ìgbà yìí ṣùgbọ́n kò ní san mọ́, ẹ fún un ní àwọ̀ tirẹ̀. Attention ni ká tètè tẹ̀ lé: ẹni náà kò kúrò, káàdì rẹ̀ ló kọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ owó. Lábẹ́ àwòrán, ẹ fi st.dataframe to àwọn wọ̀nyí kí ẹ lè pè wọ́n.

Ohun kan kù: bí nǹkan ṣe rí lónìí nìkan ni subscription ń sọ, kì í sọ ti àná. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ máa kọ iye ojoojúmọ́ pamọ́ sínú SQLite, ibi ìkó-àkọsílẹ̀-pamọ́ tó bá Python wá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ àti iye, ọ̀wọ́ méjì péré. Kọ̀ǹpútà yín ni kí fáìlì náà wà. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbé ápù sí lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń nu irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nù bí ápù bá tún bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí iye ojú ápù fi ju ti báńkì lọ? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Owó iṣẹ́ Paystack ni. Lórí káàdì Nàìjíríà, 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ, kì í ju ₦2,000 lọ, wọn kì í sì í gba ₦100 yẹn bí owó kò bá tó ₦2,500. ₦5,000 yóò wọ báńkì bíi ₦4,825. Ẹ yọ fees, owó iṣẹ́ náà, kúrò nínú amount kí ẹ tó fi 100 pín, kọ́bọ̀ ni òun náà. Bó bá ṣì yàtọ̀, ẹ wo ìparí oṣù: ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni owó ń dé báńkì, nítorí náà owó ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé.