Ẹ má tíì ra ráàkì: ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí sítíárìn yín máa ń gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní sítíárìn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ rà lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, pé lọ́jọ́ kan á máa gbọ̀n bíi ẹni tí ibà ń ṣe, lọ́jọ́ kejì ẹ ó gbé e láti Toll Gate n'Ìbàdàn dé Ṣàgámù, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ ti báláǹsì táyà lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì yín wá ní ráàkì ni, irin abẹ́ ọkọ̀ tí sítíárìn fi ń yí táyà iwájú, kí ẹ lọ rà á ní ọjà Gate. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá owó yẹn dúró ná. Oṣù márùn-ún gbáko ni irú ìyà yìí fi jẹ mí.

Challenge ni mò ń gbé nígbà náà, Mọ́níyà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń gba Mọ́kọ́lá, Sángo, iwájú Yunifásítì, títí dé Òjòó. Tí mo bá ti kọjá Òjòó, tí ọ̀nà là, tí mo tẹ iná dé bíi 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ọwọ́ mi méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí sítíárìn. Fọganáísà tú táyà iwájú, ó bá ẹrẹ̀ pupa tó ti gbẹ mọ́ inú rímù, ó ha á kúrò, ó lẹ òjé mọ́ ọn kí táyà lè báláǹsì. Ara tù mí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún dé. Mo ra táyà méjì. Mo pààrọ̀ tie rod end, oríkèé tó so ráàkì mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ọ̀tún àti òsì. Mo ṣe alignment, bẹ́ẹ̀ alignment kì í wo gbígbọ̀n sàn: kí ọkọ̀ má baà máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí táyà má baà jẹ lápá kan, ìyẹn ló wà fún. Owó ti kọjá ₦80,000, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Mi ò lè dá mẹkáníìkì mi lẹ́bi. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gbé ọkọ̀ lọ bá a, nígbà tí títì dá. Á wà á lọ, á wà á bọ̀, á ní, "Ọ̀gá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o." Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Akínyẹlé, ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi náà la máa ń gbà lọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ò rí i pé ọkọ̀ yìí kì í gbọ̀n tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Mo dákẹ́. Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà. Kí ló wá yàtọ̀? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Lọ́jọ́ iṣẹ́, láti òkè Mọ́kọ́lá dé Òjòó, ẹsẹ̀ mi kì í kúrò lórí bíréèkì. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lè má tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Mo ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo ṣe pẹ́ tó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti hàn gbangba. Ọjọ́ tí mo bá pẹ́ ní Sángo ló máa ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan tó tún bẹ̀rẹ̀, mo yà kúrò lójú títì pátápátá lẹ́yìn Òjòó. Mi ò tẹ bíréèkì gidi, mo jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yí lọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kó má baà jẹ́ pé ooru ìdúró ni mo máa bá lára táyà. Mo na ẹ̀yìn ọwọ́ mi sún mọ́ rímù òsì, mi ò fọwọ́ kàn án: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Mo lọ sí ọ̀tún. Ọwọ́ mi ò tíì débẹ̀ tí ooru fi pàdé rẹ̀, òórùn bíi ti irin tó ń jó sì ń jáde. Mo kán omi díẹ̀ sórí rímù lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì. Ó dún ṣàà, ó gbẹ. Rímù nìkan o; ẹ má da omi sí dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, tó bá gbóná, ó lè sán.

Bíréèkì ọ̀tún kì í tú sílẹ̀ tán lẹ́yìn tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Pádì, èyí tó ń fún dísìkì kí ọkọ̀ lè dúró, á máa há dísìkì, dísìkì á gbóná, kò sì ní wú bákan náà yí ká, ibẹ̀ ni gbígbọ̀n ti ń wá. Tó bá tutù mọ́jú, ó ti parí nìyẹn, a ò ní rí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n tú kálípà, ilé irin tó di pádì mú, ọ̀kan nínú irin róbótó méjì tó máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti gan. Pádì inú ti jẹ kan irin, ti ìta ṣì nípọn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, wọ́n fi gírísì bíréèkì sí i, èyí tí ooru kì í yọ́. Ẹ má gbà kí wọ́n fi gírísì lásán sí i, ó máa ń mú kí rọ́bà wú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dé. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún bíréèkì ṣe ló parí ẹ̀. Nígbà tó ṣì gbóná, ó fi jáàkì gbé e, ó fọwọ́ yí táyà, kò yí. Ó tú nípù ara kálípà, nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n ń gbà tú epo jáde, díẹ̀, epo bíréèkì tú jáde fìì, ó tún fọwọ́ kan táyà, ó yí gbirigbiri. Ó ní, "Họ́ọ̀sì ni." Lójú mi, họ́ọ̀sì náà, ìyẹn rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà dé kálípà, ò ní àbùkù kankan. Ó gé e sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn mí: rọ́bà ti wú débi pé ihò tó kù ò ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Agbára ẹsẹ̀ mi lè ti epo kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n epo ò lè fúnra rẹ̀ padà. Ká ní wọ́n tú nípù tí táyà ò sì yí, kálípà fúnra rẹ̀ là bá máa wò. A pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti dísìkì méjèèjì, a da epo tuntun sí i. Ọdún kejì rèé, kò gbọ̀n mọ́.

Tiyín lè má jẹ́ èyí o. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì ni. Tó bá jẹ́ pé ó máa ń wá ní nǹkan bíi 80 sí 110, bóyá ẹ tẹ bíréèkì tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, báláǹsì ni, tàbí rímù tí kòtò ti tẹ̀, tàbí táyà tó ti wú. Ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà yí ká, ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2014, irú ẹ̀ ò yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín. Tó bá ń gbọ̀n kìkì ìgbà tí ẹ bá tẹ iná, tó sì ń dákẹ́ tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ṣáàfù, irin tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí táyà, níbi tó ti wọ jíà. Ní ti ráàkì, tó bá ti jẹ, sítíárìn á dẹ̀, á máa dún nínú kòtò, tàbí kí epo máa jò. Ẹ ò dárúkọ ìkankan nínú wọn.

Torí náà, ọjọ́ tó gbọ̀n kẹ́yìn, ṣé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road ni ẹ ti ń bọ̀ kí ẹ tó dé Toll Gate? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì gbé e lọ sí Èkó. Bíréèkì tó ń há lè mú kí epo rẹ̀ hó, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní mú. Ẹ yẹ rímù méjèèjì wò lọ́jọ́ tó bá tún gbọ̀n, kí ẹ sọ èyí tó gbóná jù fún mi.