Ara ọmọ mi gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èéyi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù 9. Lọ́jọ́ kẹjọ, ara rẹ̀ gbóná, nǹkan pupa wẹ́wẹ́ sì sú sí i láyà. Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ ló kó àrùn bá a, pé ká má lọ gba ti oṣù 15. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ bá mi kí màmá. Ojú àwọn àgbà ti rí èéyi tó ń pa ọmọ, ẹ má bínú sí wọn.

Ara ọmọ ló ń kọ́ ìjà lẹ rí yẹn. Kòkòrò èéyi inú abẹ́rẹ́ náà wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 12, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á dá a mọ̀, wọ́n á dojú ìjà kọ ọ́. Ooru tí ẹ fọwọ́ bà níwájú orí rẹ̀, ìjà ọ̀hún ni. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, á lọ.

Lẹ́yìn ìjà, àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á lọ jókòó sínú mùdùnmúdùn eegun, wọn kì í gbàgbé ọ̀tá. Ní erékùṣù Faroe, ní àríwá Yúróòpù, èéyi jà ní 1781, kò padà wá títí di 1846. Dókítà Peter Panum kíyè sí i pé kò tún mú àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní 1781, lẹ́yìn ọdún 65!

Kí ló wá dé tí ẹ ó fi padà lọ? Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ yín ti fún un ní èròjà tó ń bá àrùn jà. Bí ìyẹn bá ṣì kù lára rẹ̀ ní oṣù 9, ó lè pa kòkòrò inú abẹ́rẹ́ kí ara ọmọ tó rí i kọ́ṣẹ́. Nínú ọmọ 100 tó bá gbà á ní oṣù 9, bíi 85 ni ara wọn ń mọ ìjà náà. A ò lè fojú yan àwọn yòókù, la ṣe ń fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣe èéyi gidi. Ó máa ń pa ohun tí ara ti kọ́ nípa àwọn àrùn mìíràn rẹ́, ọmọ á tún di ọ̀gbẹ̀rì sí àwọn àrùn tó ti ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, ẹ fún un lọ́yàn dáadáa, ẹ má fi aṣọ nípọn wé e. Bí gìrì bá mú un, tí kò lè mu ọyàn, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí oṣù 15 bá pé, ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì mú màmá náà wá.