Silverstone láìní ìjókòó: Fúráìdé ni ẹ ti máa mọ ibi tí ẹ máa dúró ní Sọ́ńdè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́sàn-án fẹ́ lọ wo Formula 1, ìdíje eré ọkọ̀, ní pápá Silverstone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5 oṣù Keje 2026. Ẹ ní láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ máa ti wakọ̀ lọ, tíkẹ́ẹ̀tì General Admission tí kò ní ìjókòó lẹ rà, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tó dára jù láti dúró. Lẹ́yìn náà lẹ wá ní ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ fo Fúráìdé kí ọmọ má baà pa ilé ìwé jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dáhùn. Bí ilé ìwé bá lè fún un láyè, ẹ má fo Fúráìdé rárá. Ẹni tó ní ìjókòó lè fò ó, nítorí ibi tó máa jókòó ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó máa dúró lórí koríko ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ibi tirẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa rí i wá láàárín èrò ọjọ́ Sọ́ńdè.

Sprint, ìdíje kúkúrú tó máa ń ṣáájú ìdíje ńlá, tún wà níbẹ̀ lọ́dún yìí. Nígbà tí kò bá sí sprint, ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn awakọ̀ máa ń dánra wò kí qualifying, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń pín ipò ìbẹ̀rẹ̀, tó dé. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ní Fúráìdé, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì máa sáré wá ipò fún sprint. Sátidé ni sprint fúnra rẹ̀, ìyípo 17, ọgọ́rùn-ún kìlómítà àti díẹ̀ lé, ẹni mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló ń gba máàkì. Qualifying tòótọ́ á tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà. Ìdíje ńlá, ìyípo 52, aago mẹ́ta ọ̀sán Sọ́ńdè ni. Nínú oṣù Keje, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Èkó dọ́gba, ẹ lè sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n tan tẹlifíṣàn wọn lákòókò kan náà.

Bí ẹ ṣe máa lo Fúráìdé rèé. Ìyípo kan ní Silverstone jẹ́ kìlómítà 5.891, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó yí i ká lóde sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án lè rìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Formula 3 àti Formula 2, ìdíje àwọn awakọ̀ tó ṣì ń gòkè bọ̀, bá wà lórí pápá ni kí ẹ máa rìn, kí ẹ sì dúró bí Formula 1 bá ti jáde. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí òkìtì koríko tó ga díẹ̀, ẹ jókòó sórí rẹ̀ bí ẹ ṣe máa jókòó ní Sọ́ńdè. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láti ibi tí ojú ọmọ dé, kì í ṣe láti ibi tí ojú tiyín dé. Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé wọ́n á sáré lọ dúró ní iwájú pátápátá, wáyà ààbò á wá dí ojú wọn, ọkọ̀ á kàn kọjá bí òjìji. Ẹ gòkè sẹ́yìn títí ojú yín á fi kọjá orí wáyà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo tẹlifíṣàn ńlá: ṣé ẹ lè ka orúkọ àwọn awakọ̀ tó wà lójú rẹ̀, àbí àwọ̀ lásán lẹ ń rí? Láìsí tẹlifíṣàn yẹn, bó bá fi máa di ìyípo kẹẹ̀ẹ́dógún tí àwọn kan ti lọ pààrọ̀ táyà, ẹ ò ní mọ ẹni tó wà níwájú mọ́. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ kan fi wà lójú yín. Tí kò bá tó márùn-ún, ibẹ̀ dára fún ìran wíwò ní Fúráìdé ṣùgbọ́n kò dára fún ìdíje. Ẹ wo bí tọ́lẹ́ẹ̀tì ṣe jìnnà tó, kí ẹ sì rántí pé ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn máa kọjú sí lẹ́yìn aago mẹ́ta.

Àwọn kọ́nà náà kò dọ́gba. Maggotts àti Becketts ni mo fẹ́ kí ọmọ yín kọ́kọ́ rí, lásìkò ìdánrawò Fúráìdé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń yí sósì, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún láìfi bẹ́ẹ̀ dẹwọ́, kò sì sí tẹlifíṣàn tó lè fi bó ṣe yá tó hàn. Ara máa ń gbọ̀n ọmọdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í sábà rí ẹni tó ń ya ẹnìkejì níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Copse náà bẹ́ẹ̀ ni, eré àsápajúdé ni. Stowe, tó wà ní òpin Hangar Straight, dára fún sprint, nítorí wọ́n ń bọ̀ láti ibi gígùn, wọ́n á sì tẹ bíréèkì níbẹ̀.

Fún Sọ́ńdè, èmi á mú yín lọ sí agbègbè Village àti The Loop. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iná ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje bá ti kú tí ọkọ̀ 22 náà bá ṣí, Abbey àti Farm ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn, wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dẹwọ́ eré níbẹ̀. Village ni ibi àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn ti máa tẹ bíréèkì gidi, wọ́n á wọ́ jọ, The Loop á tún fún wọn pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀ tí ọmọ á fi rí àwọ̀ àṣíborí ẹni tó fẹ́ràn, ìgbà tí ẹ sì máa fi rí ọkọ̀ kan gùn ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ. Bí ibẹ̀ bá ti kún, kọ́nà Luffield ni kí ẹ lọ. Ẹ wo àwòrán pápá tọdún yìí kí ẹ tó pinnu, torí ààlà ibi ìdúró lè yí padà.

Ní Luffield, ẹ fi ojú sí táyà iwájú lápá òsì. Kọ́nà tó yá jù ní Silverstone, Abbey, Copse àti Stowe, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn yí sí, apá òsì ọkọ̀ ló ń ru ẹrù náà. Ní 2013, táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́ mọ́ àwọn awakọ̀ Hamilton, Massa àti Vergne lára. Ní 2020, táyà iwájú òsì Bottas, Sainz àti Hamilton bẹ́ nínú àwọn ìyípo tó kẹ́yìn, Hamilton sì fi táyà tó ti ya wọlé sípò kìíní. Ẹni tó bá mọ èyí á máa wò bóyá ojú táyà ti ń ṣe háráhárá, kò ní dúró dìgbà tí tẹlifíṣàn bá sọ. Òfin 2026 tún mú ohun mìíràn wá. Nǹkan bí ìdajì agbára ọkọ̀ ló ń ti inú bátìrì wá báyìí, bíréèkì sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba iná padà. Ibi bíréèkì líle kò pọ̀ ní Silverstone, nítorí náà kíkún bátìrì ṣòro. Ẹ tẹ́tí sí ìdí Hangar Straight: ẹni tí iná rẹ̀ ti tán, ẹ máa gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Ẹ̀yin méjì péré lẹ ń lọ, ìṣòro kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rò tẹ́lẹ̀: bí ọmọ bá fẹ́ tọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa dìde. Láàárọ̀ kò sẹ́ni tó máa gba àyè yín. Lẹ́yìn aago méjìlá, èrò á ti fún, àyè tí ẹ fi sílẹ̀ á sì dí. Ẹ kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín dáadáa láti àárọ̀, ẹ fún wọn ní púfúpúfú, ẹ fi àga àkápọ̀ méjì sílẹ̀ lórí rọ́bà títẹ́, kí ẹ sì mú ọmọ lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì ní aago méjì ààbọ̀ geere, bó fẹ́ bí kò fẹ́. Ní Sọ́ńdè yẹn, ẹ kúrò ní Peckham ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ẹ wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i.

Ohun tí ẹ máa gbé dání kò gbọdọ̀ ju èyí tí ẹ lè gbé rìn fún wákàtí kan. Ìbòtí gidi fún ọmọ, èyí tó ń dín ariwo kù ní 25 dB ó kéré tán. Fóómù tí wọ́n ń kì bọ etí máa ń bọ́ lára ọmọdé. Rédíò kékeré tó ń gba 87.7 FM, ibẹ̀ ni rédíò pápá náà ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dákú bí èrò bá pọ̀, ohun tó bá sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá máa ń pẹ́ lẹ́yìn ohun tó wà lójú yín. Omi lítà méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan nínú ike. Mọ́ínmọ́ín dára ju jọ̀lọ́ọ̀fù lọ, kò nílò síbí, bó bá tutù kò burú. Pápá ọkọ̀ òfúrufú ológun ni Silverstone tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú gbalaja, kò sí igi tó máa gba atẹ́gùn tàbí oòrùn dúró. Nítorí náà, aṣọ òjò ni kí ẹ mú, kì í ṣe agbòjò tó máa dí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ fi ìpara oòrùn sí ọmọ lára, àwọ̀ dúdú kò ní kí oòrùn má jó ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kù. Ẹ gba àyè ìgbọ́kọ̀sí ṣáájú. Yálà ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ M40 tí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní àbájáde 10 (junction 10), tàbí M1 ní àbájáde 15A, ọ̀nà A43 ni ẹ máa bá pàdé. Bí ẹ bá ti sún mọ́ ibẹ̀, ẹ pa ohùn máàpù inú fóònù, ẹ tẹ̀ lé pátákó tí wọ́n gbé sójú ọ̀nà, torí wọ́n máa ń ti àwọn ọ̀nà kan pa tí máàpù kò mọ̀. Orí koríko ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa sùn. Ní 2000, òjò sọ pápá ìgbọ́kọ̀sí di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ débi pé wọ́n ní kí àwọn òǹwòran má wá ní Sátidé; ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2012. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà àbájáde, kí imú rẹ̀ dorí kọ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde, jíà kejì ni kí ẹ fi ṣí, ẹ rọra tẹ iná, ẹ má sì dúró títí ẹ ó fi dé orí ilẹ̀ líle. Bí táyà bá ti ń yí lójú kan, ẹ dáwọ́ dúró kíá, kòtò lẹ ń gbẹ́ yẹn. Ẹ to táyà tọ́ọ́rọ́, ẹ fi máàtì abẹ́ ẹsẹ̀ sí iwájú táyà tó ń wakọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo inú bùùtù bóyá ìkọ́ irin tí wọ́n ń yí mọ́ iwájú ọkọ̀ láti fi fà á wà níbẹ̀, nítorí tírákítọ̀ kò lè fà yín láìsí i.

Ẹ má sáré lọ síbi ọkọ̀ bí wọ́n bá ti ju àsíá dúdú àti funfun tó ń fi hàn pé ìdíje ti parí. Wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ máa lò nínú gósíló tí ẹ bá bá wọn jáde. Wọ́n máa ń ṣí pápá fún àwọn òǹwòran lẹ́yìn ìdíje, ẹ mú ọmọ wọlé nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní ó yá. Ó máa rí èérún táyà nílẹ̀ lẹ́bàá kọ́nà, dúdú, rírọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣa díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀rá méjì dání, kí ẹ di ọ̀kan sínú ìkejì, torí kì í ṣí lára aṣọ bó bá ti gbá a mú.