Fóònù màmá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, àti ohun tí ojú mi rí kó tó gún

Ẹni tó béèrè lánàá sọ pé àbúrò òun ra fóònù ńlá fún bàbá wọn ní Ọ̀yọ́. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kàwé. Òun wá ń wá àwọn áàpù tó rọrùn tóun lè kó sí i fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kó ohunkóhun sí i, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọdún kẹta rèé tí mo ra Tecno fún màmá mi. Láfún ni wọ́n ń tà ní Ọjà Jagun, wọ́n mọ nọ́ńbà dáadáa, àmọ́ ìwé kíkà ò yá wọn lára. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni mo kó áàpù mẹ́rìndínlógún sínú fóònù náà: ti ìròyìn, ti ojú ọjọ́, ti báǹkì, ti orin, èyí tó ń rán ènìyàn létí oògùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ìpè mi ò wọlé mọ́. Mo pè títí, ohùn inú ẹ̀rọ ń sọ pé wọn ò sí lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ọjọ́ kejì náà, bákan náà ni. Mo wọ mọ́tò, mo gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí yẹn, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí mo fi dé ojúlé wa. Mo bá wọn níta, wọ́n ń sá láfún. "Àjàní, ṣé kò sí o? Mo ní o ò tiẹ̀ pè mí látìgbà yìí."

Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ìka wọn ló fa ojú fóònù wálẹ̀, tó sì kan àmì ọkọ̀ òfuurufú, ni fóònù bá gé ara rẹ̀ kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe lórí fóònù bàbá yín kì í ṣe áàpù rárá. Ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀, ẹ tẹ àmì bíi gègé tó wà fún àtúntò, kẹ́ ẹ yọ ọkọ̀ òfuurufú yẹn kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀, pé kí lẹ fẹ́ kí fóònù yìí máa ṣe fún yín gan-an? Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ àwọn, àwọn fẹ́ máa gbọ́ ìwàásù, àwọn sì fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta pákí káwọn tó jáde nílé. Ohun mẹ́ta. Kò sí èyí tó gba ìwé kíkà nínú ẹ̀, ẹnu, etí àti ojú ló gbà. Mo yọ áàpù mẹ́rìnlá kúrò lọ́jọ́ náà.

Mo ti gbìyànjú àwọn áàpù tí wọ́n ń pè ní launcher, tí wọ́n ṣe fún àgbà, tó máa ń sọ gbogbo àmì ojú fóònù di ràgàjì. Ọ̀kan tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kún fún ìpolówó, ìpolówó yẹn gan-an ni màmá sì ń tẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló burú, ṣùgbọ́n mi ò tún wá wọn kiri mọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ sọ ìwọ̀n lẹ́tà àti ìwọ̀n àwòrán di ńlá, ẹ ti ojú fóònù pa kí àmì kankan má lè ṣípò, ó tán.

WhatsApp ni mo fi ṣe òpó ilé. Màmá ò mọ orúkọ rẹ̀, "aláwọ̀ ewé" ni wọ́n ń pè é, èmi náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún gbà wá ni pé ènìyàn lè gbé ẹnì kan ṣoṣo jáde láti inú WhatsApp sí ojú fóònù: ẹ ṣí ọ̀rọ̀ ẹni náà, ẹ tẹ tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wá Add shortcut. Àwòrán rẹ̀ á jókòó sójú fóònù bíi fọ́tò ara ògiri. Ojú mi wà níbẹ̀, ojú àbúrò mi wà níbẹ̀, ti ìyá kékeré wa náà wà níbẹ̀. Wọn ò wá orúkọ kiri mọ́, ojú ọmọ wọn ni wọ́n ń tẹ̀.

Fóìsì nóòtì, ìyẹn ohùn tí ènìyàn ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ nínú WhatsApp, ló wá sọ wọ́n di ẹni tó ń lo fóònù lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ́ wọn. Ìka wọn máa ń tètè kúrò lórí àmì ẹ̀rọ ohùn, ọ̀rọ̀ á já sí méjì, "Àjàní, ẹ kú..." ni màá gbà. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni di ẹnu àpò láfún mú, kí wọ́n má tú u sílẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá tán. Àpẹẹrẹ yẹn ló wọlé. Nígbà kan, wọ́n bi mí pé kí ló ń lé mi tí mo fi ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Àṣé wọ́n ti kan ibi tí wọ́n kọ 1.5 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn. Tí bàbá bá ní ẹ ń yára sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ní báyìí, àwọn aláfún ní gúrúùpù tiwọn, ohùn ni gbogbo wọn fi ń sọ iye tí pákí jẹ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ tán.

Ẹ yí àwọn ètò kan padà nínú WhatsApp náà. Ẹ má jẹ́ kó máa gba fídíò wọlé fúnra rẹ̀, torí fídíò àdúrà àràárọ̀ nìkan tó láti jẹ dátà tán kó sì kún inú fóònù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù nìkan ló lè fi bàbá sí gúrúùpù. Kí ìpè àjèjì máa wọlé láìdún.

Èyí tó kàn yìí dùn mí títí dòní. Ẹnì kan pe màmá, ó ní láti ìjọ wọn lòun ti ń pè, pé ìpàdé àdúrà fẹ́ wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Wọ́n kà á. Àṣé nọ́ńbà tí WhatsApp fi ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé ni. Kó tó di ọ̀sán, ẹni náà ti gba WhatsApp wọn, ó sì ti fi orúkọ wọn tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ìyá kékeré fi ₦18,000 ránṣẹ́. Màmá ò lè jẹun lọ́jọ́ náà, ojú ń tì wọ́n bíi pé àwọn ló jalè. Mi ò bá wọn wí, èmi tí mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́ láìkìlọ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ lọ sí Two-step verification nínú WhatsApp bàbá yín lónìí, ẹ fi píìnì sí i, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì tiyín sí i. Kí píìnì náà jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ sórí tẹ́lẹ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, torí WhatsApp á máa bi wọ́n léèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ èmi ọmọ wọn.

Ní ti owó, mi ò fi áàpù báǹkì kankan sí i mọ́. Fóònù tọ́ọ̀ṣì wọn àtijọ́ ṣì wà, inú rẹ̀ ni síìmù tó so mọ́ àpò owó wọn wà, ilé ló sì ń gbé. Síìmù mìíràn ló wà nínú Tecno. Tí wọ́n bá jí Tecno gbé lọ́jà, wọn ò jí owó. Ẹ má gba fóònù kékeré lọ́wọ́ bàbá yín, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀.

Rédíò: ẹ má gba áàpù rédíò tó ń jẹ dátà. FM tó wà lára fóònù fúnra rẹ̀ tó, ẹ ki íàpíìsì sí i kó lè gba ìgbì. Ajílété FM láti Gàmbàrí ni tiwa ń gbọ́. Tí bàbá bá lè ka Yorùbá díẹ̀ pẹ̀lú ìgò ojú, ẹ gbé ojú ìwé BBC Yorùbá sójú fóònù fún wọn.

Ìtẹ̀ka ò ṣiṣẹ́ fún màmá rárá. Ọwọ́ tó ti ń bó pákí láti bí ogójì ọdún, ìlà rẹ̀ ti parẹ́, fóònù ò dá a mọ̀. Ìlà tí wọ́n máa ń fi ìka fà ni mo fi ṣí i. Ìka àgbà sì máa ń pẹ́ lórí ohun tó bá tẹ̀, fóònù á rò pé wọ́n fẹ́ gbé àmì kúrò nípò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni Accessibility, Touch & hold delay, ẹ sọ ọ́ di Long. Mi ò mọ̀ pé ó wà fún odindi ọdún kan, gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra tẹ̀ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ wọn, ẹ má gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń gbà á, màá tẹ̀ ẹ́ kíákíá, màá ní "ṣé ẹ rí i?" Wọn ò rí nǹkan kan. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ: á jókòó tì wọ́n, á ká ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, á máa fi ẹnu sọ. Ohun kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ọjà bá ti rẹ̀ wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò bàbá ní Ọ̀yọ́, ẹ máa fún un ní dátà lóṣooṣù. Ẹ tún kọ *323# sí ara ògiri fún wọn, òun ni wọ́n á fi máa wo iye dátà tó kù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yòówù kí wọ́n lò.

Ẹ jẹ́ kí n mọ irú fóònù tí àbúrò yín rà. Samsung àti Tecno ò kó ètò ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn síbì kan náà, kí n lè sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i.