Kòkòrò ẹlẹ́gùn-ún orí ewédú: ìbéèrè àti ìdáhùn

ÌBÉÈRÈ: Mo gbin ewédú bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta sí ẹ̀yìn ilé ní Ìmọ̀tà, Ìkòròdú. Ewé ti lu bí ajere, kòkòrò ẹlẹ́gùn-ún dúdú wà lórí rẹ̀, labalábá kéékèèké aláwọ̀ ọsàn sì ń rá bàbà níbẹ̀. Ṣé labalábá yìí ló ń jẹ ẹ́? Ṣé kí n fọ́n ọ̀tapíápíá sí i?

ÌDÁHÙN: Labalábá kì í jẹ ewé; omi dídùn inú òdòdó ló ń fà mu. Àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn kòkòrò ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ rí yẹn, ló ń jẹ ewédú yín. Acraea serena làwọn onímọ̀ ń pè é, àmọ́ Acraea eponina lẹ máa rí nínú ìwé àtijọ́. Tó bá na ìyẹ́, kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Etí ìyẹ́ náà dúdú, àmì kéékèèké sì tò sínú dúdú ọ̀hún. Jẹ́jẹ́ ló ń fò, torí ẹyẹ kì í fẹ́ jẹ ẹ́: ara rẹ̀ ní májèlé.

Ẹ yí ewé wò lábẹ́. Ibẹ̀ ni abo ń yé ẹyin sí, wọ́n á ṣù jọ lójú kan. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin náà á ti pa. Àwọn ọmọ tuntun kì í tú ká. Wọ́n á jọ máa họ abẹ́ ewé títí tí awọ òkè nìkan á fi kù, tí ìmọ́lẹ̀ á máa là á kọjá bíi ti ọ̀rá. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ mú wọn: ewé kan péré lẹ ó já, ẹ ti kó gbogbo wọn. Tí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á fọ́n ká, wọ́n á jẹ ewé ku igi. Ẹ̀gún wọn kì í ta, ẹ lè fọwọ́ ṣà wọ́n. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á fi ìdí rọ̀, orí nísàlẹ̀, wọ́n á bọ́ awọ, wọ́n á di nǹkan funfun alámì dúdú tí kì í rìn. Inú ẹ̀ ni labalábá ti ń jáde.

Tí ihò náà bá rí wínníwínní, tí kòkòrò kéékèèké sì ń ta pọ́n-ún sókè tí ẹ bá fọwọ́ kan ewé, ìyẹn kì í ṣe ti labalábá.

Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sọ èyí tó ní ẹyin tàbí ọmọ sínú omi ọṣẹ. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ẹ gún èso dóńgóyárò gbígbẹ, gíráàmù 500, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà 10 omi mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ ewé ni kó dé. Òkè nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń fọ́n, ni wọ́n ṣe ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀; oúnjẹ ni wọn ò ní lè jẹ mọ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀tapíápíá kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ewé gan-an la fẹ́ jẹ, fífọ̀ lómi kò sì ní kó májèlé náà kúrò tán. Kí ẹ sì fa igbó tí èso rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tu láyìíká bẹ́ẹ̀dì. Labalábá yìí tún máa ń yé sórí àwọn kan lára irú igbó bẹ́ẹ̀.