Ṣé heat pump wa ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: A yọ ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú ilé wa móoru, a fi heat pump (ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé) rọ́pò rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń jáde báyìí kò gbóná, ẹ̀rọ kì í sinmi, yìnyín sì ń bo apá ẹ̀rọ tó wà níta. Oníṣẹ́ kan ní kò sí ooru nínú afẹ́fẹ́ tútù, ká lọ ra èyí tó tóbi sí i.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ yín yẹn ló sì máa ń bí mi nínú jù.

Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àbí? Inú ibi tútù tí ẹ kó oúnjẹ sí ló ti fa ooru yẹn jáde. Bí heat pump náà ṣe ń fa ooru ìta wọlé nìyẹn. Àfi bí nǹkan bá tutù dé −273 lórí Celsius ni ooru inú rẹ̀ tó lè tán. Lóòótọ́, bí òtútù bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń wọ ẹ̀rọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí pé kò sí ooru.

Ọwọ́ yín ló ń tàn yín. Atẹ́gùn ẹ̀rọ onígáàsì máa ń tó ìwọ̀n 50 sí 60. Á fẹ́ díẹ̀, á dákẹ́. Ti heat pump kì í ju 32 sí 40 lọ, kì í sì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Awọ ara wa fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi 33, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó jó yín lọ́wọ́? Thermostat, ìyẹn ohun tí a fi ń yan ìwọ̀n ooru yàrá, ni kẹ́ ẹ wò. Bí ẹ bá fi sí 20, tí yàrá sì wà ní 20, kò sóhun tó ṣe é.

Yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kì í ṣe àrùn. Ẹ̀rọ á yí iṣẹ́ rẹ̀ padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á yọ́ ọ, oru omi á máa rú bí èéfín. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o! Bí ó bá dì gbagidi tí kò yọ́ fún wákàtí mélòó kan, ẹ pe oníṣẹ́. Òmíràn ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ má máa dín ìwọ̀n ooru kù lálẹ́ kẹ́ ẹ wá gbé e sókè lójijì láàárọ̀ bíi ti gáàsì. Bí ẹ̀rọ yín bá ní wáyà tí iná mànàmáná ń mú gbóná, ìyẹn ló máa tan, owó iná á sì ga.

Ní ti èyí tó tóbi sí i, n kò lè wọn ilé yín láti ibi tí mo jókòó sí. Àmọ́ ẹni tí kò wọn ilé, tó kàn ń ta ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.