Ṣé ìwádìí fi hàn pé ètò ìrànwọ́ lè jẹ́ kí ìdílé tálákà dá dúró fúnra wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ètò. Lójú tèmi, ọ̀nà tí BRAC, ìyẹn àjọ aládàáni kan tó ń ran tálákà lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh lọ́dún 2002 lẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Wọ́n á fún ìdílé ní ohun ọ̀sìn tàbí ọjà tí wọ́n á máa tà, owó oúnjẹ fúngbà díẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ náà àti ọ̀nà láti fowó pamọ́. Ẹnì kan á sì máa bẹ̀ wọ́n wò nílé fún bí ọdún méjì.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Abhijit Banerjee, Esther Duflo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà àti Etiópíà wà níbẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Lápapọ̀, oúnjẹ àti owó tó ń wọlé fáwọn ìdílé náà pọ̀ sí i, ó sì ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tí ètò parí. Honduras nìkan ni nǹkan ti yíwọ́: adìẹ ni ọ̀pọ̀ gbà, àrùn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní Gánà, àwọn tí wọ́n kàn fún ní ewúrẹ́ láìsí ìyókù ò rí èrè tó tọ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń yára gbára lé ètò tó bá kàn pín nǹkan tó sì bá tiẹ̀ lọ.